Yíyan Iná Tó Yẹ Ewéko Inú Táǹkì Ẹja

Ẹni tó ń wá iná fún táǹkì ẹja tó ní ewéko nínú sábà máa ń fi ojú ara rẹ̀ yàn án: èyí tó bá mọ́lẹ̀ yòò jù lọ ló máa ń mú. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú ènìyàn ń pè ní ìmọ́lẹ̀ àti ohun tí ewé ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Lójú mọmọ, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ fara jọ ìyeyè, tó wà ní nǹkan bíi 555 nánómítà, ni ojú wa máa ń gbà jù lọ. Ní ti klórófílì, èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ búlúù àti pupa ló ń gbé mì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé máa ń lo díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí iye lumen tí wọ́n máa ń kọ sára páálí iná kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń gbin ewéko, nítorí ojú ènìyàn ni wọ́n fi gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀. Èyí tó yẹ kí ènìyàn wá ni PAR, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín 400 sí 700 nánómítà, èyí tí ewéko lè fi pèsè oúnjẹ rẹ̀. Máíkrómóòlù, ìyẹn òṣùwọ̀n iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀, tó ń dé orí mítà kan níbùú lóròó ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń kà á.

Àmọ́ iye PAR tí kò bá sọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kò yàtọ̀ sí ìpolówó ọjà lásán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí gílóòbù ló ń fọ́n ká, tó sì ń dín kù. Omi náà tún ń gba tirẹ̀ níbẹ̀, pupa ló sì máa ń kọ́kọ́ gbà. Nítorí náà, iná kan náà tó tó ewéko nínú táǹkì tó jìn ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lè máà tó nínú èyí tó jìn ní ọgọ́ta. Orí iyanrìn ìsàlẹ̀ ni kí ènìyàn máa fi ọkàn sí, pàápàá jù lọ àwọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í ti í dé dáadáa. Òfin àtijọ́ tó ní kí a fi iye wáàtì pín iye omi, ìgbà gílóòbù gígùn onífluorescent ni wọ́n ti ń lò ó; LED ti sọ ọ́ di ohun ìgbàgbé, nítorí wáàtì kan rẹ̀ ń mú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju tàtijọ́ lọ jáde.

Irú ewéko tí ènìyàn fẹ́ gbìn ló yẹ kó pinnu iye tó máa wá. Anubias, Java fern, Cryptocoryne àti àwọn moss kì í béèrè púpọ̀: nǹkan bíi máíkrómóòlù 15 sí 30 tó wọn, wọ́n á kàn máa dàgbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn tó máa ń tẹ́ bí ẹní sórí ilẹ̀ táǹkì àti ọ̀pọ̀ àwọn ewé pupa máa ń fẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewéko tó ní ọ̀pá gígùn tí ìmọ́lẹ̀ kò tó kì í pẹ́ fi ara rẹ̀ hàn: ọ̀pá rẹ̀ yóò gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè, àlàfo àárín ewé kan sí èkejì yóò fẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ yóò sì máa já bọ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ríronú pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ sí i, ewéko á kúkú yára sí i. Iná ló ń lu ìlù, ewéko ló ń jó. Bí ìlù bá yá ju agbára oníjó lọ, ìjó á dàrú. Ìmọ́lẹ̀ líle máa ń mú kí ewéko béèrè CO2 (carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ewéko fi ń pèsè oúnjẹ), nitrogen, phosphorus, potassium àti irin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. CO2 ló sì máa ń kọ́kọ́ tán, nítorí nínú omi tó dúró, ó ń tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbàárùn-ún lọ́ra ju bó ṣe ń ṣe nínú afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí ewéko bá dúró lójú kan nítorí àìrí ìwọ̀nyí, ọbẹ̀dò, nǹkan tútù tó máa ń yọ̀ tó sì ń bo gíláàsì, á rí àyè wọlé, torí oúnjẹ díẹ̀ ló tó o. Ẹ wo ewé Anubias tó wà tààrà lábẹ́ iná líle: ewé kan lè wà lára rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kò sí èyí tuntun tó máa tètè rọ́pò rẹ̀, nítorí náà àmì ọbẹ̀dò aláwọ̀ ewé kéékèèké á kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ọbẹ̀dò tó dà bí irun dúdú á yọ létí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ewéko náà sábẹ́ òjìji, ewé tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn máa ń mọ́. Ẹni tí kò bá ní ìgò CO2 tó ń fi ránṣẹ́ sínú omi, kó má wulẹ̀ ra iná líle. Owó tó ná lé e, ọbẹ̀dò ni yóò jẹ ẹ́.

Ní ti àwọ̀, ọ̀rọ̀ kò le tó bí àwọn olùtajà ṣe ń sọ ọ́. LED funfun tí a kọ nǹkan bíi 6500 K (kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) sí lára ní búlúù tó pọ̀ nínú àti ìyókù tó tó ewéko lò. Iná aláwọ̀ elésè àlùkò náà á mú ewéko hù, ṣùgbọ́n ẹja inú rẹ̀ kì í dùn ún wò. LED tó fi ìmọ́lẹ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé kún funfun máa ń mú àwọ̀ ewé pupa yọ dáadáa lójú òǹwòran.

Iye wákàtí ló kàn. Nínú táǹkì tuntun, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti múlẹ̀, a lè sún un lọ sí mẹ́jọ. Súìṣì aláago ló yẹ kó máa tan iná kó sì máa pa á, nítorí ènìyàn á gbàgbé. Fífi wákàtí kún iná tí kò lágbára kò lè rọ́pò agbára: bí ìmọ́lẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju iye kan lọ, ohun tí ewéko ń pèsè kò ní tó ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ, bó ti wù kí iná pẹ́ tó. Ó sì yẹ kí òkùnkùn wà, nígbà tí ewéko àti ẹja jọ ń mí ọ́síjìn inú omi. Oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé kò ṣeé gbára lé. Kò sẹ́ni tó lè bá a dín in kù, ó sì ń mú omi gbóná.

Bí iná tí a ti rà bá wá le jù, a lè gbé e sókè kúrò lójú omi tàbí ká dín in kù bó bá ní ibi tí a ti ń yí i. Ọ̀nà kẹta ni ojúoró, tí wọ́n ní í lékè omi. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba CO2 tirẹ̀, ó máa ń fa oúnjẹ tí ọbẹ̀dò ìbá jẹ, ó sì ń ta ìji sórí ohun tó wà nísàlẹ̀. Àmọ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a máa kó ìdajì rẹ̀ dànù, kó má bàa bo ojú omi pátápátá, kí gbogbo ìṣirò máíkrómóòlù tí a ti ṣe má bàa já sí òfo.