Kí Ni À Ń Pè Ní Àtúnbí?

"Ṣé o ti di àtúnbí?" Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. A ń gbọ́ ọ níbi ìsọjí alaalẹ́, a ń gbọ́ ọ lẹ́yìn zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà akérò, àwọn ọmọ iléèwé gan-an ń bi ara wọn. Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni, "Láti kékeré ni mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì," tàbí "Wọ́n ti ṣe batísí fún mi," tàbí "Mo ti kúrò ní ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀, ìjọ alààyè ni mo wà báyìí." Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tí a bèèrè. Àwọn tó ń múra fún ìtẹ̀bọmi ni mo ń kọ́ nínú ìjọ wa. Kò sí ẹ̀kọ́ tó ń pẹ́ lọ́wọ́ wa bí èyí, kò sì sí èyí tó wù mí kí ó yé ènìyàn tó o.

Àtúnbí ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń ṣe nínú ènìyàn nípa Ẹ̀mí Mímọ́, tí ẹni tó ti kú sí Ọlọ́run fi ń di alààyè sí i. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ẹni tó bá di ibẹ̀ yẹn mú kò ní ṣìnà nínú ìyókù.

Inú Ìhìn Rere Jòhánù, orí kẹta, ni ọ̀rọ̀ náà ti fara hàn jù. Nikodému, Farisí, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Júù, lọ bá Jésù lóru. Ó fi ìyìn bẹ̀rẹ̀: Rábì, àwa mọ̀ pé olùkọ́ni láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá ni ìwọ. Jésù kò tilẹ̀ dúró gba ìyìn. Ó ní, "Lóòótọ́, lóòótọ́ ni mo wí fún ọ, bí kò ṣe pé a tún ènìyàn bí, òun kò lè rí ìjọba Ọlọ́run." Ẹ wo ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún. Ká ní Sakéù agbowó-òde ni, tàbí obìnrin ará Samáríà tó ti fẹ́ ọkọ márùn-ún, gbogbo wa ni ìbá mi orí pé ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni yìí mọ Òfin Mósè tinú tòde, ó sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń san ìdámẹ́wàá tí wọ́n sì ń gbààwẹ̀ lóòrèkóòrè. Ìwà rere rẹ̀ kò mú un kúrò nínú àwọn tó nílò àtúnbí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Nikodému, ta ni kò kàn?

Nikodému wá béèrè pé báwo ni a ó ṣe tún àgbàlagbà bí, àbí ó tún lè wọ inú ìyá rẹ̀ lọ nígbà kejì ni? Àwọn oníwàásù mìíràn máa ń fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dáadáa nílé wa. Àwa la ní Babátúndé, àwa la ní Yétúndé àti Ìyábọ̀. Àwọn Gùn tí a jọ ń gbé náà ní jọ̀tọ́ tiwọn, baba ńlá tí wọ́n gbà pé ó padà wá sáyé pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kétu dìde ní kíláàsì wa, ó ní: "Tíṣà, wọ́n ní bàbá mi àgbà ló padà wá nínú mi. Ṣé a kò ti tún mi bí nìyẹn?"

Ìbéèrè ọmọ náà dára, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí àwọn baba wa ń sọ nípa àtúnwá ni pé ẹni tó ti lọ tún gba ara padà wá sí ìdílé kan náà. Ìyá ló tún bí i, ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà ló sì wà lára rẹ̀. Jésù kò sọ̀rọ̀ ìyẹn rárá. Èsì rẹ̀ fún Nikodému ni pé, èyí tí a bí nípa ti ara, ara ni, èyí tí a sì bí nípa ti Ẹ̀mí, ẹ̀mí ni. Ẹni tí ìyá bí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ara náà ni yóò máa jẹ́ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó wà láàyè, tó ń jẹ tó ń mu, ni a ń tún bí, láìkú, láìyí orúkọ padà, láìkúrò nínú ìdílé rẹ̀. Ìbí náà kò sì tọ̀dọ̀ ìdílé kankan wá. Jòhánù ti sọ ọ́ ní orí kìíní pé kì í ṣe nípa ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe nípa ìfẹ́ ènìyàn, bí kò ṣe nípa ti Ọlọ́run.

Ó ya Jésù lẹ́nu pé olùkọ́ Ísírẹ́lì kò mọ nǹkan wọ̀nyí, nítorí ó ti wà nínú Ìwé Mímọ́ tí Nikodému ń kà. Ẹ ṣí Ìsíkíẹ́lì orí 36. Ọlọ́run ní òun yóò wọ́n omi mímọ́ sí àwọn ènìyàn òun lára, òun yóò fún wọn ní ọkàn tuntun, òun yóò mú ọkàn òkúta kúrò, òun yóò sì fún wọn ní ọkàn ẹran. Òkúta kì í gbọ́, kì í mọ ìgbà tí a fọwọ́ kàn án. Ọkàn ẹran ń dùn, ó ń gbọgbẹ́, ó ń gbọ́ ohùn. Ẹ tún ka ibẹ̀ kí ẹ wo ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: "èmi yóò," "èmi yóò," láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dà bí atẹ́gùn tí Jésù mẹ́nu kàn, tó ń fẹ́ sí ibi tó wù ú. A ń gbọ́ ìró rẹ̀, a kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi okùn dè é.

Nítorí náà, orúkọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí Àjàṣẹ́ mọ ìyẹn ju ìlú mìíràn lọ. Nínú àwọn ọmọ Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil dé, Mùsùlùmí wà tó ń jẹ́ orúkọ Pọtogí. Mọ́ṣáláṣí Ńlá wọn náà, àlejò tó bá rí ojú rẹ̀ á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó wọlé ló ń mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ funfun, àgbélébùú ọrùn, káàdì ìjọ àti ìró "Halelúyà" kò fi inú ènìyàn hàn. Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ nílùú yìí kan náà ní 1947, àti àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tó wà ní gbogbo àdúgbò: kíkúrò nínú èyí bọ́ sínú ìyẹn kì í ṣe àtúnbí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó ń bá àtúnbí rìn, ìyẹn ìràpadà. Samuel Ajayi Crowther sọ èyí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone). Ó di òmìnira. Síbẹ̀, nígbà tó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní 1837, ó ní ó tó nǹkan bí ọdún kẹta tí òun ti bọ́ lóko ẹrú ènìyàn kí ó tó hàn sí òun pé òun ṣì wà nínú oko ẹrú mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sátánì. Wọ́n ṣe batísí fún un ní oṣù Kejìlá, 1825. Ọkùnrin yìí ni Aláketu gbà lálejò ní Kétu ní 1853, òun náà ló sì ṣáájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884.

Àwọn ará Kétu kò nílò àsọyé púpọ̀ lórí èyí. Ní 1886, ogun Dànhómẹ̀ wó ìlú wọn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀, olú ìlú Dànhómẹ̀. Kò sí ẹrú kan níbẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rere títí tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ìgbà tí agbára mìíràn ṣẹ́gun ẹni tó dè wọ́n ni àwọn tó kù padà sílé wá tún ìlú kọ́. Ohun tí Ìhìn Rere ń sọ nípa Jésù ni pé ó fi ikú rẹ̀ lórí igi san gbèsè wa, ó sì fi àjíǹde rẹ̀ ṣẹ́gun ẹni tó dè wá. Ìdí nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́ sí àwọn ará Éfésù pé oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣògo.

Kí wá ni tiwa? Onítúbú ìlú Fílípì béèrè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwárìrì ní òru tí ilẹ̀ mì, Pọ́ọ̀lù àti Sílà sì dá a lóhùn pé, "Gba Jésù Krístì Olúwa gbọ́, a ó sì gbà ọ́ là." Gbígbàgbọ́ yìí ju kí a gbà pé Jésù wà lọ. Kí a gbé gbogbo ara wa lé e ni, kí a sì kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀ṣẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìrònúpìwàdà. Lórí ibi tí omi ìtẹ̀bọmi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìjọ kò fẹnu kò. Kátólíìkì ní inú ìtẹ̀bọmi ni Ọlọ́run ti ń tún ènìyàn bí, ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú. Onítẹ̀bọmi àti Pẹ́ńtíkọ́sì ní ẹni tó ti gbàgbọ́ ni à ń tẹ̀ bọmi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. N kò ní fi àríyànjiyàn yẹn dá wa dúró níbí. Gbogbo wọn ló gbà pé omi láìsí Ẹ̀mí kò tún ẹnikẹ́ni bí.

Àtúnbí kì í sì í pa mọ́ títí. Obìnrin kan wà tó ń ta gàrí ní ọjà Ouando. Ó ti pẹ́ tí ó ti tẹ ìdí abọ́ irin tó fi ń wọn gàrí wọnú. Bí ó bá bu gàrí sí i, yóò rí téńté lókè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á sínú àpò yín, ó dín ní nǹkan bí ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò sí ẹni tó wàásù abọ́ fún un, àwa kò tilẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn tó gba Olúwa gbọ́, kò lè fi abọ́ náà wọn gàrí mọ́ kí ọkàn rẹ̀ má gún un. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ki òòlù bọ inú rẹ̀, ó lù ú títí ìdí rẹ̀ fi tẹ́jú padà. Àwọn tó jókòó tì í ń bi í pé kí ló ṣe abọ́. Ọkàn ẹran tí Ìsíkíẹ́lì sọ nìyẹn. Abọ́ tó tọ́ kò ra ìgbàlà fún un. Ẹni tí a ti gbà là ló tọ́ abọ́ rẹ̀. Sakéù náà rí bẹ́ẹ̀: Jésù ló kọ́kọ́ pè é sọ̀kalẹ̀ lórí igi, ẹ̀yìn ìyẹn ló ní òun yóò san ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn mìíràn ń dààmú pé àwọn kò mọ ọjọ́ tí a tún àwọn bí. John Wesley, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ wá, mọ tirẹ̀: alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, 1738, níbi ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló rí i pé òun gbẹ́kẹ̀ lé Krístì nìkan fún ìgbàlà. Àlùfáà sì ni ó ti jẹ́ láti ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ó ti ṣe míṣọ́nnárì dé Amẹ́ríkà pàápàá. Ṣùgbọ́n Tímótì, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà ti fi ìgbàgbọ́ tọ́ láti kékeré, Bíbélì kò sọ ọjọ́ tirẹ̀ fún wa. Ẹ má wá ọjọ́ kiri. Ẹ wò ó bóyá Krístì ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé lónìí, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ tó ń dùn yín tẹ́lẹ̀ ti ń korò lẹ́nu yín, bóyá àdúrà ti ń wù yín gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè tí ọmọ Kétu yẹn fi kádìí ni ti bàbá rẹ̀, tó ṣì ń bọ òrìṣà ìdílé. Ṣé kó kúrò nílé ni? Mo ní rárá o. Kò ní lè bá wọn bọ ọ́ mọ́, kó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lójúkojú, láìbú òrìṣà, láìbú ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, kó dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti ń ṣe. Bí àkókò oko bá tó, kó gbé àdá, kó ṣáájú bàbá rẹ̀ débẹ̀.