Kí Ẹ Tó Ní Kí A Ṣe Àmì Ẹ̀yẹ fún Yín

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń rọ idẹ ní Òṣogbo pé kí a ṣe àmì ẹ̀yẹ fún wọn ni ó máa ń mú àwòrán kan wá lórí fóònù, tí wọn yóò sì ní irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ń fẹ́. Àwòrán dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ta ni yóò gbà á? Ṣé ọwọ́ kan ni yóò fi gbé e sókè tàbí méjì? Ibo ni yóò gbé e kalẹ̀ sí bí ó bá délé? Kí ni a ó kọ sí i? Ìdáhùn wọn ni ó ń pinnu bí yóò ṣe wúwo tó, bí ìdí rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó àti ohun tí a ó fi ṣe é. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni ìrísí ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n fi arugbá ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn ará ìlú wa fẹ́ràn láti máa béèrè fún un, pàápàá bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń súnmọ́. Ọmọbìnrin tí ó ru igbá rẹwà lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni. Igbá tóbi, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ há. Gbogbo ìwúwo ti gòkè lọ, bí ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan bá sì kan tábìlì, ó di ilẹ̀. Ìṣòro kejì wà nídìí iná, níbi tí oníbàárà kò ti lè rí i. Ìda oyin ni a fi ń mọ ère náà. A ó fi amọ̀ bò ó, a ó fi iná yọ́ ìda kúrò, a ó wá da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí idẹ bá ní láti gba inú ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá kí ó tó kún igbá, ó lè dì sójú ọ̀nà, kí orí ère sì jáde láìpé. Nítorí náà ni a ṣe ń so okùn ìda mélòó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ igbá kí idẹ lè rí ọ̀nà mìíràn gbà, tí a ó sì fi ayùn gé wọn kúrò nígbà tí ó bá tutù. A máa ń fi amọ̀ sínú igbá kí idẹ má bàa dí inú rẹ̀, kí ó lè ṣófo, a sì máa ń jẹ́ kí aṣọ tí ó bò ó wálẹ̀ dé èjìká kí ọrùn lè lágbára. Àwọn tí ó rí aṣọ náà rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ní ti ìdí, ẹ wo Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí ará Ítálì, Silvio Gazzaniga, ṣe, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ní 1974. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 36.8, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 13, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀. Orí ni ó tóbi jù lára rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró. Èmi náà kì í jẹ́ kí ìdí kéré sí ìdá kan nínú mẹ́ta, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ mí tó. Ṣùgbọ́n ife yẹn lé ní kílò mẹ́fà, agbábọ́ọ̀lù ni ó sì ń gbé e; bí ẹ bá fẹ́ fi dá ìyá àgbà kan lọ́lá, kílò kan àbọ̀ ti tó.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni idẹ yẹ fún. Bí ẹ bá fẹ́ ogójì tí ó bára mu fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ná owó yín sórí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ kọ̀ọ̀kan wúlò: fífọ́ ni a ń fọ́ ọ kí ère tó jáde. Ẹ lo acrylic, ìyẹn ike líle tí ó ń dán bí dígí, tí ẹ̀rọ lésà fi ìtànṣán gé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo hàn lára rẹ̀, ẹ rántí Asírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ìlú wa tí ó fi òòlù lu ìtàn sára páànù bàbà àti álúmíníọ̀mù títí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Páànù tí a lù báyìí, tí a kàn mọ́ igi apá tàbí ìrókò, fúyẹ́, kò wọ́n tó ère, lójú tèmi ó sì buyì ju ìràwọ̀ aláwọ̀ góòlù tí ó kún ọjà lọ.

Ẹ tètè mú iṣẹ́ wá, pàápàá ní ìgbà òjò tí amọ̀ kì í tètè gbẹ. Amọ̀ tí kò gbẹ dénú léwu: bí idẹ tí ooru rẹ̀ lé ní ìwọ̀n 900 Celsius bá kàn án, omi inú rẹ̀ yóò di oru lójijì, amọ̀ náà yóò sì bẹ́ mọ́ ẹni tí ó ń dà á.

Ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí i ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ro, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe ibẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Kí ẹnì kan tí ó mọ orúkọ náà dájú kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ̀rọ ìfín lè má ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Orúkọ, ohun tí ẹni náà ṣe, ọdún: ó tó. Mo ti rí èyí tí wọ́n kó orúkọ gbogbo ìgbìmọ̀ sí, tí a sì ń wá orúkọ ẹni tí wọ́n ń bu ọlá fún.

Bí ẹ bá wá gbà á, ẹ bèèrè bóyá a ti fi fáníìṣì bò ó. Idẹ tí kò ní fáníìṣì yóò máa dúdú díẹ̀díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú yóò sì dá dídán rẹ̀ padà. Èyí tí ó bá ní fáníìṣì, aṣọ rírọ̀ nìkan ni kí ẹ máa fi nù ún, nítorí pé eérú yóò họ fáníìṣì náà, ara rẹ̀ yóò sì di alábàwọ́n.