Robert Edwards àti wákàtí tí ẹyin ń gbó

Bí tọkọtaya bá ń wá ọmọ, tí dókítà sì rí i pé ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ ti dí, wọ́n lè mú ẹyin jáde, kí wọ́n pò ó mọ́ àtọ̀ nínú àwo, kí wọ́n sì dá ọlẹ̀ padà sínú ilé-ọmọ. Lẹ́nu, ó rọrùn. Àkókò ló ń da gbogbo rẹ̀ rú.

Kì í ṣe ìgbàkígbà ni ẹyin ń gbó. Lóṣooṣù, ohun kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ máa ń da họ́mónù tí wọ́n ń pè ní LH sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń ta ẹyin jí. Nǹkan bí wákàtí 36 lẹ́yìn náà, ẹyin á já kúrò ní ilé-ẹyin. Ẹni tó bá tètè mú un, ẹyin tútù ló bá. Ẹni tó bá pẹ́, ẹyin ti lọ.

Ọmọ Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Robert Edwards, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wá wákàtí yìí kàn, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ lọ kà ní Bangor. Ní Edinburgh, níbi tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1955, eku ló gbájú mọ́. Òru ni ẹyin eku ń gbó, nítorí náà òru lòun náà ń wọ yàrá ìwádìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ruth Fowler, rí i pé bí wọ́n bá gún abo eku lábẹ́rẹ́ họ́mónù, àwọn fúnra wọn lè pinnu ìgbà tí ẹyin máa gbó.

Ti ènìyàn ló fojú rẹ̀ rí màbo. Ìwádìí Gregory Pincus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1930 sọ pé wákàtí 12 ti tó fún ẹyin obìnrin láti gbó nínú àwo. Edwards gba ègé ilé-ẹyin tí àwọn oníṣẹ́ abẹ gé kúrò, ó yọ ẹyin inú rẹ̀, ó dúró fún wákàtí 12, kò rí nǹkan kan. Àfi bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ẹ̀wà wò nígbà tí omi rẹ̀ kò tíì hó. Ìgbà tó fi ẹyin sílẹ̀ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mira, ní nǹkan bí wákàtí 25. Ó di bíi wákàtí 36 kó tó gbó. Ó tẹ èyí jáde ní 1965.

Ó ku àtọ̀. Láti 1951 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Chang ní Amẹ́ríkà àti Austin ní Ọsirélíà, ti fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé àtọ̀ ní láti lo àkókò díẹ̀ nínú ara obìnrin kó tó lágbára láti wọ inú ẹyin. Omi tí Barry Bavister, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Cambridge, pò fún àtọ̀ hamster (ẹranko kékeré kan bí eku) ló ṣe iṣẹ́ yẹn nínú àwo. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1969.

Patrick Steptoe, dókítà ní ìlú Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá Edwards ṣiṣẹ́, mọ bí a ṣe ń ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná gba ojú ihò kékeré wọ inú ikùn láti fa ẹyin. Jean Purdy, nọ́ọ̀sì, ló ń bójú tó yàrá ìwádìí. Ní 1971, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìṣègùn kọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Oògùn tí wọ́n ń lò kí ẹyin lè pọ̀ tún ń da ilé-ọmọ láàmú. Oyún àkọ́kọ́ tó dúró, ní 1976, inú ọ̀nà ẹyin ló fìdí sí. Wọ́n ní láti yọ ọ́.

Ni wọ́n bá pa oògùn tì. Ẹyin kan ṣoṣo tí ara bá mú wá lóṣù ni wọ́n ń lépa. Tọ̀sántòru ni àwọn obìnrin ń tọ̀ sínú ìgò ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá LH ti ru sókè. Bó bá ru, wọn kì í dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ẹyin Lesley Brown ní oṣù kọkànlá 1977. Nígbà tí ọlẹ̀ pín sí sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, wọ́n fi í sínú ilé-ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978, ó bí Louise, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi ọ̀nà yìí bí.

Obìnrin 282 ló gba ìtọ́jú yìí lọ́dọ̀ wọn láàárín 1969 sí 1978. Ọmọ méjì péré ló jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel dé bá Edwards ní 2010, Purdy àti Steptoe ti kú. Lónìí, oògùn ti padà, àbùdá rẹ̀ sì ti dára sí i. Abẹ́rẹ́ kan ló ń ṣe iṣẹ́ LH: wọ́n á gún un lálẹ́, wọ́n á ka nǹkan bí wákàtí 36, ẹyin á sì bọ́ sí ọwọ́ dókítà ní àárọ̀ ọ̀tunla, lákòókò iṣẹ́.