Sọ́mà ti dé, kí ló tún ń bà ẹ́ nínú jẹ́?

Lọ́dọọdún, tó bá ti ń ku díẹ̀ kí oṣù kẹfà wọlé, tí sọ́mà (ìgbà ooru) fẹ́ dé, ọ̀rọ̀ yìí á tún bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tá a wà nílùú ọba. Ẹnì kan á ní ara òun ò dá, pé ọkàn òun ṣáà rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á ní, "Ahn ahn, ṣebí òtútù lo ní ó fà á nígbà yẹn, oòrùn ti yọ báyìí, dìde ńlẹ̀ jàre." Àwọn míì á tiẹ̀ fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n á ní inú gbogbo èèyàn ló máa ń dùn ní sọ́mà, ọmọ ilẹ̀ oòrùn sì ni wá, pé kò sí bí ìsoríkọ́ ṣe lè mú ọmọ Yorùbá tí oòrùn bá ti wà lókè. Mo ti gbọ́ ọ ní pátì, mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an ni wọ́n ń ṣe, ó sì ti sú mi.

Mi ò sọ pé sọ́mà ò dáa o. Ẹ lọ wo Peckham ní London lọ́jọ́ Sátidé tí oòrùn bá mú, gbogbo ayé ti jáde, ẹni tí kì í kí aládùúgbò ẹ̀ látoṣù kọkànlá ti ń bá a fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀ lórí fẹ́ǹsì. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. "Gbogbo èèyàn" tí wọ́n ń sọ yẹn ni mi ò gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ gan-an ni pé òtútù ni wọ́n ń dá lẹ́bi fún ìsoríkọ́ wíńtà. Tó bá jẹ́ òtútù ló fà á lóòótọ́, a jẹ́ pé ooru ló máa wò ó, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù. Ọ̀gbẹ́ni Norman Rosenthal, dókítà ọpọlọ, ọmọ South Africa ni, ìgbà tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ló kíyè sí i pé tí wíńtà bá ti dé nǹkan máa ń yí padà lára òun, tó bá di ìgbà tí ilẹ̀ ń pẹ́ ṣú ara ẹ̀ á tún jí. Lọ́dún 1984 òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ jáde, wọ́n sì fún àìsàn náà lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, SAD (seasonal affective disorder), ìyẹn ìsoríkọ́ tó máa ń dé ní ìgbà kan náà lọ́dọọdún. Kí ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀? Iná ni, iná tó ń tàn, kì í ṣe híítà. Àtùpà pàtàkì kan tí agbára ẹ̀ tó 10,000 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni lux), tí èèyàn máa jókòó síwájú ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, nígbà tí iná òfíìsì lásán ò ju bíi 500 lọ. Kò sí dókítà tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ dì mọ́ rẹ́díétọ̀. Tó bá jẹ́ òtútù ni, gbogbo ẹni tó lówó híítà nílé ì bá ti bọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ní London, ojúmọ́ inú oṣù Kejìlá ò tiẹ̀ pé wákàtí mẹ́jọ, tó bá di oṣù kẹfà ó ti lé ní mẹ́rìndínlógún. Ní Èkó ńkọ́? Ìyàtọ̀ àárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún ò tó wákàtí kan. Oòrùn á yọ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, á wọ̀ láàárín nǹkan bí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, lọ́dún dé ọdún. Ohun tó ń dá wa lágara níbí ni pé ìmọ́lẹ̀ ń lọ ń bọ̀, kì í ṣe pé àárò ooru ilé ló ń sọ wá. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, nígbà táwọn òyìnbó ń pe tiwọn ní sọ́mà, òjò ló ń rọ̀ ní Èkó, àwọn ọmọ á gbé agbòòrùn dání lọ sí ẹ̀kọ́ ìgbà họ́lídè tí wọ́n ń pè ní sọ́mà lẹ́sìn. Ọmọ ilẹ̀ oòrùn!

Ó dáa, tí wọ́n bá ti wá gbà pé ìmọ́lẹ̀ ni, wọ́n á tún fò síbòmíì: bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ayọ̀ máa pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 1987, Thomas Wehr tí òun àti Rosenthal jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀wé lórí àwọn tó jẹ́ pé ìgbà sọ́mà gan-an ni ìsoríkọ́ tiwọn máa ń dé, lọ́dọọdún. Wọn ò pọ̀ tó àwọn ti wíńtà, àmọ́ wọ́n wà. Tiwọn sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni ti wíńtà á máa sùn ṣáá, á máa jẹ búrẹ́dì àti ìrẹsì bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, á sanra. Ẹni ti sọ́mà ò ní rí oorun sùn, oúnjẹ ò ní wù ú, ara ẹ̀ ò ní lélẹ̀, inú á máa bí i sí nǹkan tí kò tó nǹkan, á rù.

Ibi tó ti ń bí mi nínú rè é. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, iṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú àwọn tí ò lè tọ́jú ara wọn, ló ń ṣe, náìtì ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń kúrò níbi iṣẹ́, kó tó délé oòrùn ti wà lójú fèrèsé ẹ̀ láti bí aago márùn-ún, fúláàtì ẹ̀ sì wà lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé, fèrèsé tí wọ́n ti fi irin dè tí kò lè ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó lẹ fóìlì tá a fi ń wé ẹja mọ́ gíláàsì, ó tún fi ṣẹ́lótéèpù lẹ báàgì dúdú tí wọ́n ń kó pàǹtí sí lé e lórí, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, fáànù sì ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná kiri inú yàrá. Tó bá di ìparí oṣù keje iléèwé á gba họ́lídè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ á wà nílé, ariwo á wà nílẹ̀, owó ẹni tó máa bá a mú wọn sì ń gun òkè. Ó rù, ó ń kanra, ẹkún ò jìnnà sí i. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì? "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sílíìmù o! Sọ́mà bọ́dì nìyẹn! Kí lẹ lò?" Kò lo nǹkan kan. Kò sùn ni.

Ẹlòmíì á tún dé pẹ̀lú fítámì D. Ẹ gbà á o, kò burú, ìjọba ibí gan-an ní kí àwa tí àwọ̀ wa dúdú rò ó láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún, nítorí egungun àti iṣan. Ṣùgbọ́n pé òun ló ń lé ìsoríkọ́ lọ? Dókítà Olivia Okereke àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, àwọn èèyàn náà ju 18,000 lọ, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2020: àwọn tó lo fítámì gidi àti àwọn tó lo èyí tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀, ọgbọọgba ni. Àwọn tó ń tà á nínú ìgò lórí Wátsàápù lẹ tún fẹ́ gbà gbọ́.

Èyí tó wúwo jù kù. Wọ́n máa ń sọ pé ìgbà wíńtà, pàápàá nígbà Kérésì, làwọn èèyàn máa ń gbẹ̀mí ara wọn jù. Irọ́ ni. Láti bí ọdún 1879 ni Enrico Morselli, dókítà ọpọlọ ní Ítálì, ti kọ ọ́ pé ìparí ìgbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ sọ́mà ló máa ń pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kejìlá wà lára àwọn oṣù tó máa ń kéré jù. Kí ló fà á? Ẹ wo bí ìjà àtijọ́ ṣe tún padà wá: Morselli ń tọ́ka sí ooru, Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ, ọmọ Faransé, ta kò ó lọ́dún 1897, ó ní kì í ṣe ooru, gígùn ojúmọ́ ni, pé bí ojúmọ́ bá ṣe gùn ni ìgbòkègbodò àárín èèyàn àti èèyàn ń pọ̀ sí i. Inú mi dùn sí ti Durkheim yìí, ẹ̀ẹ́ ti mọ̀dí ẹ̀, àmọ́ lọ́dún 2018 àwọn kan yẹ ìwé ọ̀pọ̀ ọdún wò ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, wọ́n rí i pé tí oṣù kan bá fi digíríì kan gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, iye àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn ń gòkè, 0.7% ní Amẹ́ríkà, 2.1% ní Mẹ́síkò. Torí náà ọwọ́ ooru náà ò mọ́ nínú ẹ̀. Àwọn míì ní àìsùn ni, àwọn míì ní agbára ló kọ́kọ́ ń padà sára kí ayọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn kan tiẹ̀ ní kàtá tí òdòdó ń fà wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló dà pọ̀, kò sì dájú pé ohun tó ń ṣe ẹnì kan ló ń ṣe ẹnì kejì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n dájúdájú, ẹ bi í léèrè ohun tó ń tà.

Ohun tí mo lè sọ láìwo ẹ̀yìn ni pé kí ẹ má fi oòrùn dán ara yín wò. Ní 19 oṣù keje 2022, ó gbóná dé 40.3°C ní Coningsby, Lincolnshire, nínú orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́ ilé láti gba ooru mọ́ra, tí ẹ́síì ò sí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá ń lo lithium, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, tí ara ẹ̀ bá gbẹ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, oògùn náà lè pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó di májèlé. Àwọn oògùn ọpọlọ kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ara làágùn bó ṣe yẹ. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o, ẹ lọ bá fámásì tàbí GP (dókítà àdúgbò yín) sọ̀rọ̀ kí ooru tó dé. Bákan náà, ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ̀rọ̀ wuuwu, tó ń náwó nínàákúnàá, ẹ má kàn ní sọ́mà ló ń gbádùn; ìgbà ìrúwé àti sọ́mà ni irú àìsàn yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní mania, máa ń gbéra jù. Tẹ́ ẹ bá wà ní England, ẹ pe 111, ẹ wá tẹ 2, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ, ọ̀sán tàbí òru. Samaritans náà wà lórí 116 123, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì ní bi yín pé ṣebí oòrùn ti yọ.