Ọmọ tó ń di igi ìgbálẹ̀ nínú kíláàsì, ṣé eré ló ń ṣe ni?

Òbí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì kọjá, tó rí àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó yí òkìtì ìdérí ìgò ká, tí ariwo sì gba gbogbo ibẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Ṣé owó eré ni mo wá san níbí ni?" Nílé náà, ìwé nóòtù la máa ń yẹ̀ wò. Bí ohun tí ọmọ kọ lóòjọ́ kò bá kún ojú ìwé kan, a ó ní tíṣà ò ṣiṣẹ́. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ bá dà kọ láti ojú pátákó ni ẹ̀kọ́, àti pé ohun tó bá ti ń dùn mọ́ ọmọ nínú kò lè jẹ́ iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣirò la ó fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ọmọ ti máa ń hàn kedere jù.

Ẹ fún ọmọ pírámárì kejì tàbí ìkẹta ní 52 − 17. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ 45. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Ó wo 2 àti 7, ó rí i pé méje ò ṣeé yọ nínú méjì, ló bá yí i po: ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Ó wá yọ 1 kúrò nínú 5, ó kọ 4. Lójú tirẹ̀, gbogbo ohun tó ṣe ló bá òfin mu. Ohun tí kò yé e ni pé 5 tó wà nínú 52 kì í ṣe márùn-ún, àádọ́ta ni. Bí tíṣà bá ní kó "lọ yá ọ̀kan lọ́dọ̀ aládùúgbò," yóò há gbólóhùn yẹn sórí, yóò sì máa lò ó títí 402 − 17 yóò fi dé. Aládùúgbò tó fẹ́ lọ yá nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀ ti di òdo, ọ̀rọ̀ dojú rú nìyẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ìṣirò kún ojú ìwé mẹ́wàá, kó sì jẹ́ àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń tún ṣe látòkè délẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà lè máa ṣẹ́ owó fún oníbàárà níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láìṣì. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí kan ní Brazil, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ márùn-ún, ẹni ọdún 9 sí 15, tí wọ́n ń tajà ní ìlú Recife. Wọ́n ra àgbọn àti èso lọ́wọ́ wọn, wọ́n béèrè iye owó àti ṣéńjì. Bí 98 nínú ìbéèrè 100 ni àwọn ọmọ náà gbà. Nígbà tí wọ́n wá kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé láìdárúkọ ọjà kankan, ó já sí bí 37 nínú 100. Ọpọlọ wọn kò yí padà. Nọ́ńbà orí ìwé ni kò dúró fún nǹkan kan lọ́kàn wọn. Àárín méjèèjì yìí gan-an ni ìdérí ìgò àti igi ìgbálẹ̀ ti wúlò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Kíláàsì ọmọ 40, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ, márùn-ún márùn-ún. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò igi ìgbálẹ̀ 100 àti rọ́bà 10, èyí tó mú igi jẹ́ 800 lápapọ̀. Ìdí ìgbálẹ̀ tó nípọn ni kí ẹ gé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ṣóńṣó rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ṣẹ́, ó sì lè gún ọmọ lójú. Ẹ ha ojú ibi tí ẹ gé mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kó kújú. Inú agolo mílíìkì tó ti ṣófo ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kó tirẹ̀ sí.

Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò ka mẹ́wàá, tí wọn yóò fi rọ́bà dì í. Tíṣà tó bá ti dì wọ́n sílẹ̀ láti ilé kó tó dé ti gba ẹ̀kọ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, torí níbi dídì yẹn ni ọmọ ti ń rí i pé ohun kan lè jẹ́ ẹyọ kan kó sì tún jẹ́ mẹ́wàá. Kí wọ́n wá to 52 sílẹ̀: ìdì márùn-ún lápá òsì, ẹyọ méjì lápá ọ̀tún, bí a ṣe ń kọ ọ́. Kí wọ́n yọ 17. Ẹyọ méje ni wọn yóò kọ́kọ́ wá, méjì péré ló sì wà nílẹ̀. Kí tíṣà dákẹ́ níbí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí le fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó lè sọ lọ. Láìpẹ́, ọmọ kan yóò na ọwọ́, yóò tú ìdì kan. Ìdì ku mẹ́rin, ẹyọ di méjìlá. Wọ́n yọ ẹyọ méje, ó ku márùn-ún. Wọ́n yọ ìdì kan, ó ku mẹ́ta. Ìdáhùn jẹ́ 35, kò sì sí aládùúgbò kankan tí ẹnikẹ́ni yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi kún un. Òǹkà wa dá lórí ogún, nọ́ńbà orí ìwé sì dá lórí ẹ̀wá. Ọmọ gbọ́ ẹ́tàdínlógún, etí rẹ̀ gbọ́ ẹ̀ta, ó gbọ́ ogún, ṣùgbọ́n kò sí 2 tàbí 3 níbì kankan nínú 17. Ẹ fún un ní ìdì méjì, kó pè é ní ogún. Kó tú ọ̀kan, kó yọ ẹyọ mẹ́ta sọ́wọ́. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ìdì kan àti ẹyọ méje, ohun tó sì ṣe tán yìí gan-an ni orúkọ náà ń sọ: ogún tó dín mẹ́ta. Bákan náà ni márùndínlógójì: ìdì mẹ́rin, yọ márùn-ún. Ìyọkúrò ti wà nínú èdè ọmọ kó tó wọ ilé ìwé, igi ìgbálẹ̀ kàn jẹ́ kó fojú rí i ni.

Lẹ́yìn igi ni àwòrán: ìlà gígùn kan dúró fún ìdì, àmì tótó kan dúró fún ẹyọ. Lẹ́yìn àwòrán ni nọ́ńbà nìkan. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jerome Bruner, ṣàlàyé ipele mẹ́ta yìí láàárín àwọn ọdún 1960, orílẹ̀-èdè Singapore sì gbé ìkọ́ni ìṣirò rẹ̀ kà á láti àwọn ọdún 1980. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fo àwòrán. Lónìí igi, lọ́la nọ́ńbà, ọmọ ò sì rí okùn tó so méjèèjì pọ̀.

A ò ní sọ pé gbogbo kíláàsì tí ohun èlò pọ̀ sí ló ń kọ́ ọmọ. Òbí tó ń fura kì í jẹ̀bi nígbà gbogbo. Bí olùkọ́ nìkan bá ń di igi níwájú tí àwọn ọmọ ń wò ó, sinimá ni. Bí ọmọ bá ń to nǹkan láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè pé "Kí ló dé tí o fi tú u?", eré ni lóòótọ́. Bí ohun èlò bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa kó má baà bàjẹ́, ọ̀ṣọ́ ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí kò sì hàn síta, ni ìdì tí igi inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá: ọmọ á ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní tọ̀nà, kò ní mọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 35 fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kíka igi padà sínú agolo.

Ìdá náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kọ ½ + ⅓ = ⅖ kàn ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gé bébà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 4 (rúlà ni kó fi wọn èyí, torí kíká bébà sí mẹ́ta kì í gún). Ó tò wọ́n mọ́ra, ó jẹ́ 10 nínú 12, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Ìdá méjì nínú márùn-ún bébà yẹn kò tilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5: ìdáhùn tó kọ kéré sí ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀!

Àwọn kan gbà pé ilé ìwé olówó ńlá nìkan ni irú ẹ̀kọ́ yìí wà fún, torí wọ́n rí "Montessori" lára pátákó orúkọ ilé ìwé tí owó rẹ̀ ga. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ náà sára ògiri rẹ̀. Ilé tí Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó dá ọ̀nà ìkọ́ni náà sílẹ̀, fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí ní Róòmù, ní oṣù kìíní ọdún 1907, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tálákà ní San Lorenzo ló wà, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ló sì wà nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ lójú nọ́ńbà: ẹyọ kan, mẹ́wàá lórí wáyà, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ kan náà ni igi ìgbálẹ̀ wa ń ṣe.

Ìbẹ̀rù kejì ni pé ọmọ tí wọ́n bá fi Yorùbá ṣàlàyé nǹkan fún kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti dán èyí wò nítòsí. Láti ọdún 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ford Foundation, àjọ afúnnilówó kan ní Amẹ́ríkà, sì ṣe ìrànwọ́ owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kejì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, bó ṣe wà níbòmíràn. Ẹgbẹ́ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ń di igi nílò èdè tó lè fi jiyàn nípa ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láìsí iyàn yẹn, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yín mọ àyọkúrò, ẹ pa ìwé nóòtù dé. Ẹ kó igi ìgbálẹ̀ 52 àti rọ́bà márùn-ún fún un, ẹ ní kó yọ 17, kó máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà kó yà á, kó tó wá kọ ọ́. Bó bá kọ 35 lórí ìwé ṣùgbọ́n tí kò lè fi igi ṣe é, àkọ́sórí ni. Bó bá fi igi rí 35 tó sì kọ 45, wọ́n ti fo àwòrán. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀, ẹ ní kó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí yóò fi máa fa ìlà àti àmì tótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Kò nílò pàṣán, kò sì nílò tíṣà lẹ́sìnnì.