Ewú logbó, ṣé ewú náà lọgbọ́n?

Bí ọ̀dọ́ bá ta ko ìmọ̀ràn àgbà nílé wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á kọ́kọ́ fi pa á lẹ́nu mọ́ ni pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí a ṣe sọ ọ́ di òfin, pé ẹni tó bá ti dàgbà ti gbọ́n lórí ohun gbogbo.

Ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Paul Baltes, Ursula Staudinger àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á gbé ìṣòro kalẹ̀ fún tọmọdé tàgbà: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan fẹ́ wọlé ọkọ lójú ẹsẹ̀, kí ni ká rò sí i? Ẹni tó kàn sọ pé “èèwọ̀, ó ti kéré jù” kò gba máàkì púpọ̀. Ẹni tó béèrè bóyá ọmọ náà ní òbí, bóyá àìsàn ń ṣe é, irú àṣà wo ni wọ́n ń dá nílùú rẹ̀, òun ló gbà á. Wọ́n rí i pé irú ọgbọ́n yìí ń pọ̀ sí i láti ìgbà ọ̀dọ́langba títí di nǹkan bí ọdún 25. Láti ibẹ̀ dé bí ọdún 75, ọjọ́ orí nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ kún un.

Ìdí rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ibi tí èèyàn bá ti rí àyọrísí ohun tó ṣe, tó sì mọ ohun tó fà á, ni ọdún ti ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ẹ wo ìyá àgbà tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Bó ṣe ń gbé e, bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń ya ẹkún ebi sọ́tọ̀ sí ẹkún inú rírun, abiyamọ tuntun wo ló mọ̀ ọ́n tó o? Bó bá ṣì í ṣe, ọmọ á figbe ta lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kan náà ló máa ní kí wọ́n fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lómi àti àgbo, pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká fún ọmọ, omi ló sì ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ọmú lọ.

Kí ló dé tí ìyá àgbà kò fi rí i? Àwọn tó mu omi tí wọ́n sì yè ń rìn káàkiri níwájú rẹ̀. Èyí tí omi ẹlẹ́gbin mú yàgbẹ́ gbuuru títí tó fi kú, wọ́n ní eyín ló ń hù, tàbí pé àbíkú ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè tún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ń dùn mí, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bu omi náà.

Ọ̀rọ̀ ìjà yàtọ̀. Lọ́dún 2010, Igor Grossmann, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn àgbàlagbà máa ń wo tọ̀tún wo tòsì ju ọ̀dọ́ lọ lórí aáwọ̀ láàárín èèyàn. Kò yà mí lẹ́nu: ìjà ni àgbà ń parí látọdún dé ọdún, ojú wọn náà ló sì ń parí sí.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Grossmann àti Ethan Kross tún fi hàn lọ́dún 2014 pé bí olólùfẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni bá dalẹ̀, èèyàn á ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bó ṣe máa rò ó bó bá jẹ́ olólùfẹ́ tirẹ̀. Àgbà kò sàn ju ọ̀dọ́ lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n ń bi wo ọ̀rọ̀ ara wọn bíi ti ẹlòmíràn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ tara ẹni àti ti ọ̀rẹ́ pòórá. Ìdí nìyí tí bàbá ẹni 70 ọdún tó ń bá gbogbo àdúgbò parí ìjà tọkọtaya fi lè nílò ọmọ rẹ̀ ẹni 30 ọdún láti là á níjà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ lórí ilẹ̀ baba wọn.