Ibi tí tọ́ńtìn ti wá gan-an

Ẹ bi ìyá ọlọ́jà kan l'Ájàṣẹ́, Porto-Novo ní Benin, pé kí ló fi ra fíríìjì, á ní tọ́ńtìn ni, ìyẹn owó tí wọ́n jọ ń dá tí wọ́n ń kó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiwa o, orúkọ èèyàn ni. Ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Lorenzo de Tonti ló gbé ètò náà lọ bá ìjọba Faransé ní 1653, wọn ò gbà á, ó di 1689 kí Louis kẹrìnlá tó lò ó torí owó ogun. Bó ṣe rí rèé: ẹ jọ dáwó fún ọba, ọba á máa san èlé fún yín lọ́dọọdún, tẹ́nì kan bá kú, ìpín tiẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kù, títí á fi ku ẹyọ ẹnì kan. Háà! Kí n máa retí ikú ẹni tá a jọ dáwó? Ta ló máa bá mi dá irú ẹ̀ lọ́jà Wándó?

Orúkọ lásán la gbà lọ́wọ́ Faransé. Èsúsú àwọn ìyá ńlá wa ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti wà tipẹ́ kí àwọn Faransé tó wá ní àwọn ń dáàbò bo Àjàṣẹ́ ní 1863, kódà àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ogún obìnrin ló wà nínú ti àǹtí mi, Yorùbá, Gùn, Tọ̀rì, ọjà-ọjà ni kálukú ń mú ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà wá, ẹnì kan á kó ogún ẹgbẹ̀rún nílẹ̀. Káyé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀, kan ṣoṣo ni wọ́n ní, epo pupa ti ta sí i, ọmọ ìyá ẹgbẹ́ ló ń kọ ọ́ torí ìyá ò mọ̀wé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi ìyá pé ta ni ò tíì dáwó, kò ní wo káyé kankan kó tó dárúkọ ẹ̀. Ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ láti mọ ẹni tó kàn, ìjà ni ṣáá, torí àwọn Mùsùlùmí fẹ́ kó tiwọn ṣáájú Iléyá kí wọ́n lè ra àgbò, àwọn onígbàgbọ́ ń wo Kérésì, àwọn tó ń bọ vodun ní tàwọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 10 oṣù kìíní tí í ṣe ọjọ́ ọdún wọn, ni wọ́n bá pa ìbò tì, wọ́n ń fẹnu tò ó. Ẹni tuntun ló ń kó kẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ lónígbọ̀wọ́, torí ẹnì kan ti kó tiẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ rí, àtìgbà yẹn fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kú, kò tíì kàn án. Nígbà tí yóò fi kàn án, ìyá ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ ló gbé ogún ẹgbẹ̀rún náà lọ sílé wọn. Lọ́jà tó tẹ̀ lé e, ọmọ ẹ̀ obìnrin ti jókòó sórí àpótí ìyá ẹ̀, ó ń tú ẹgbẹ̀rún kan tiẹ̀ nídìí ìró.